Ojú Ọ̀tún, Ilé Òsì

Bana Lubuto, ìyẹn ìyá Lubuto, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. A jókòó sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Chamboli, àdúgbò kan ní ìlú Kitwe, a ń pa ẹ̀pà, ó sì ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Nkandu, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà láti ìgbà tí ìyá ọmọ náà ti kú. Nígbà tó yá, Nkandu fúnra rẹ̀ sọ ibi tó kù fún mi. Bó ṣe rí nìyí.

Nkandu ń ṣiṣẹ́ nílé ìyọ́rin kan ní Kitwe, lẹ́yìn ojú irin, níbi tí wọ́n ti ń rọ ohun èlò fún àwọn tó ń wa bàbà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa fi igi gbẹ́ àwòṣe. Ohun yòówù tí wọ́n bá fẹ́ fi irin rọ, Nkandu ló máa kọ́kọ́ fi igi gbẹ́ ẹ. Wọn á tẹ igi náà mọ́ inú yanrìn, wọn á yọ ọ́, wọn á wá da irin yíyọ́ sí ojú ihò tó fi sílẹ̀. Bí igi bá gún, irin á gún. Bí igi bá wọ́, kò sí àdúrà tó lè tọ́ irin.

Ohun tó ń gbẹ́ yìí, kì í rí i lójúkojú rí. Orí bébà ló ti ń rí i. Àwọn ayàwòrán ẹ̀rọ a máa ya nǹkan kan ṣoṣo ní ojú mẹ́ta: ojú iwájú, ojú òkè àti ojú ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ẹ ní láti kó àwọn ojú náà jọ sínú orí rẹ̀ títí wọn á fi di nǹkan kan tó ṣeé dì mú. Àwọn obìnrin tó mọ irú iṣẹ́ yìí kò pọ̀ ní ìlú náà. Katongo ló kọ́ Nkandu.

Katongo ni ayàwòrán ilé iṣẹ́ náà láyé ìgbà yẹn. Ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, ó sì máa ń ki pẹ́ńsù bọ irun rẹ̀ bí obìnrin ṣe ń ki ìyarí. Iṣẹ́ gbígbálẹ̀ ni Nkandu bá dé ibẹ̀. Bó bá gbálẹ̀ dé ẹ̀yìn tábìlì Katongo, ọwọ́ rẹ̀ á dẹ̀, á máa wo bébà. Lọ́jọ́ kan, Katongo kò tiẹ̀ yíjú padà kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá onígbálẹ̀, ṣé eruku wà lórí bébà mi ni?"

"Rárá o, Ba Katongo," ni Nkandu wí, ó fi "Ba" yẹn bọ̀wọ̀ fún un. "Ohun tẹ́ ẹ yà ni mò ń wò. Ó jọ pé nǹkan mẹ́ta ló wà níbẹ̀."

"Nǹkan kan ni. Jókòó."

Ó yọ páálí ìṣáná lápò, ó fi pẹ́ńsù fa àmì dúdú sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, ó sì gbé e lé orí bébà.

"Èyí tó kọjú sókè yìí ni ojú iwájú. Ó yá, yí i sí ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí lo rí?"

"Àmì dúdú yẹn ló wá sókè."

"Òun nìyẹn. Ó yí sí ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ló fi hàn ọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tò ó sórí bébà. Ohun tó o bá dúró sí ọ̀tún wò, apá òsì là ń yà á sí. Ohun tó o bá dúró sí òsì wò, ó ń lọ sí ọ̀tún. Tún un sọ."

"Ojú ọ̀tún, ilé òsì," ni Nkandu wí. "Ojú òsì, ilé ọ̀tún."

Katongo wá yíjú wò ó nígbà náà. "O ti sọ ọ́ dáadáa jù mí lọ," ló wí.

Láti ọjọ́ náà ni Nkandu ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri lẹ́nu bí orin. Kò pẹ́ tó fi gbé ìgbálẹ̀ jù sílẹ̀, tó mú ìfági. Kò sì pẹ́ náà tí Ba Sikazwe, ọ̀gá àwọn agbẹ́gi, fi wọ kóòtù tó wá bá Bana Lubuto nílé gẹ́gẹ́ bí alárinà Katongo. Ó gbé àwo méjì wá, ọ̀kan dé orí ọ̀kan, ẹ̀bùn ìtọrọ sì wà láàárín wọn. Bana Lubuto ṣí àwo, ó wo Nkandu, Nkandu wo ilẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba àwo náà. Láti ìgbà yẹn, ìyàwó àfẹ́sọ́nà ló di, kò sí ọkùnrin mìíràn tó tún lè yà sílé wọn.

Kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó, Katongo rí iṣẹ́ sí Joni, ìlú tí wọ́n ti ń wa wúrà lọ́nà jíjìn ní gúúsù. Ó ní òun á ṣe é fún ọdún díẹ̀, òun á sì padà wá kọ́lé. Níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń pè sórí fóònù aládùúgbò. Nígbà tó yá, ìpè di ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tún yá, aládùúgbò kó lọ sí Ndola tòun ti fóònù rẹ̀, Nkandu sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tó fà á nìyẹn. Ọdún ń gorí ọdún. Bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, tó rí bọ́ọ̀sì tó ń ti ọ̀nà gúúsù bọ̀, á dẹsẹ̀ dúró títí ẹni ìkẹyìn á fi sọ̀kalẹ̀. Á wá ṣe bí ẹni tó ń tún okùn bàtà rẹ̀ so.

Àwọn ọkùnrin ibi yanrìn kò jẹ́ kó gbádùn.

"Ìyàwó Joni! Ọkọ rẹ kí ọ o. Ó ní òun ti fẹ́ wúrà."

"Ẹ kí i padà fún mi," ni Nkandu á wí. "Ẹ ní wúrà ò mọ ọkà nsima rò."

Wọn á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ba Sikazwe nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Joni, á rántí pé òun ní iṣẹ́ níbòmíràn.

Ní ọdún kan tí òjò pẹ́ kó tó rọ̀, Ba Sikazwe gbé bébà kan wá sí ibi tí Nkandu ti ń gbẹ́gi. Kò jókòó.

"Iṣẹ́ dé láti Joni. Ẹni tó yà á ló ń bọ̀ wá gbà á fúnra rẹ̀," ló wí, ó sì ti ń lọ kí Nkandu tó dáhùn.

Nkandu tẹ́ bébà náà. Ojú rẹ̀ kò tíì dé ara àwòrán tó fi bọ́ sí igun ìsàlẹ̀, níbi tí ayàwòrán máa ń kọ orúkọ sí. Ó rí orúkọ Katongo níbẹ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń kọ ọ́, tí ìrù lẹ́tà kan gùn jáde bí ìrù alángbá. Ó fi ìka bò ó. Ó ronú pé kò sí bí Katongo kò ṣe ní mọ ibi tí bébà náà ń lọ. Ó mọ ẹni tó máa gbẹ́ ẹ. Bó ṣe ń fa ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń fà á sí òun Nkandu ni.

Apá irin ni wọ́n fẹ́, apá tó ń gbé ìdérí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, orí rẹ̀ wà lókè, etí kan yọ sí i lọ́tùn-ún, àárín rẹ̀ sì tẹ̀. Bóyá ó tẹ̀ síwájú tàbí ó tẹ̀ sẹ́yìn, ojú iwájú kò lè sọ ìyẹn. Ojú ẹ̀gbẹ́ ló máa sọ ọ́. Apá ọ̀tún bébà ni Katongo ya ojú ẹ̀gbẹ́ yìí sí.

Àmì kékeré kan máa ń wà nítòsí orúkọ ayàwòrán, ó dà bí ife tó dùbúlẹ̀, tí òbíríkítí méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí òbíríkítí náà bá wà ló ń sọ irú àṣà tí ayàwòrán fi to àwọn ojú náà. Àṣà méjì ló wà láyé, gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Nkandu náà mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ bébà ẹlòmíràn ni, á wò ó. Ṣùgbọ́n ta ló ń wo àmì lára bébà ẹni tó kọ́ni níṣẹ́? Ojú ẹ̀gbẹ́ wà lọ́tùn-ún. Ojú òsì, ilé ọ̀tún. Ó tò ó bẹ́ẹ̀ sínú orí rẹ̀, apá náà sì tẹ̀ sẹ́yìn. Ó mú igi mukwa tó gbẹ jù, èyí tó ti ń tọ́jú pamọ́ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ.

Kò gbẹ́ nǹkan kan bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi bébà oníyanrìn ra á títí ó fi ń dán bí awọ ọmọ tuntun. Ohun tó ń wá kò ju pé kí Katongo gbé apá náà sọ́wọ́, kó sì mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ láìbéèrè.

Nílé, Bana Lubuto gbọ́ ìròyìn náà, ó gbé ìgbakọ sílẹ̀.

"Ó ní òun ń bọ̀ wá rí ọ?"

"Iṣẹ́ ló ń bọ̀ wá gbà, Mayo," ni Nkandu dá ìyá tó tọ́ ọ lóhùn.

"Ta ló ṣe iṣẹ́ náà?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ọkùnrin mìíràn ò sí ní Joni tí wọ́n lè rán? Ṣé irin lásán ni ọkùnrin ń ti Joni wá gbé ni? Ó ń bọ̀ wá rí ọ ni, ojú ló ń tì í. A máa fi iná hàn án."

Fífi iná hàn, oúnjẹ ni. Ìdílé ọmọbìnrin á se oríṣiríṣi ọbẹ̀, wọn á din odindi adìẹ, wọn á gbé e lọ fún ọkọ àfẹ́sọ́nà kó lè mọ irú iná tó ń jó nílé tó ti fẹ́ ìyàwó. Bó bá ti jẹ ẹ́, ó di àna pátápátá. Bana Lubuto bẹ̀rẹ̀ sí í gún ẹ̀pà. Ó ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin àdúgbò. Ó ra àkùkọ ńlá kan, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga, àkùkọ náà sì ń kọ nígbàkígbà tó bá wù ú, bí ẹni pé òun ni wọ́n fẹ́ fún níyàwó.

Kí wọ́n tó tẹ àwòṣe mọ́ yanrìn, Ba Sikazwe ló máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Á gbé bébà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á gbé igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, á fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n látòkèdélẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Àwọn agbẹ́gi bẹ̀rù ọjọ́ yẹn ju ọjọ́ ìdájọ́ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Ba Sikazwe wá, ó wo igi náà láti òkèèrè, ó wo ojú Nkandu tó ń dán, ó sì yára fa ṣọ́ọ̀kì lé e.

"Ẹ ò ní wọ̀n ọ́n ni, Ba Sikazwe?"

"Ìwọ lo gbẹ́ ẹ. Kí ni mo tún fẹ́ wọ̀n?"

Nkandu rò pé iyì ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ yanrìn, wọ́n sì da irin sí i.

Òwúrọ̀ ni Katongo dé. Ó ti sanra, ó ti gẹ irun mọ́lẹ̀, ó sì wọ awò ojú. Àwọn ọkùnrin ibi yanrìn yí i ká, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn, wọ́n ń bi í bóyá òtítọ́ ni pé ní Joni àwọn ajá náà ń wọ ẹ̀wù. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yíjú, ó rí Nkandu tó dúró ti tábìlì rẹ̀.

"Nkandu," ló wí, ẹnu sì yà á. "Ibí lo ṣì wà?"

"Níbo ni mo fẹ́ wà?"

Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́. Nkandu tẹ orúnkún díẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ kí i gẹ́gẹ́ bí obìnrin ṣe ń kí ọkọ, kó tó gba ọwọ́ náà. Ba Sikazwe wú ikọ́.

"Ẹ jẹ́ ká lọ wo irin," ló wí.

Wọ́n gbé apá irin náà sórí tábìlì, Katongo tẹ́ bébà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa á láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó mi orí, ó ní iṣẹ́ tó mọ́ nìyí. Ọkàn Nkandu fò. Ọwọ́ Katongo wá dé ibi tó tẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ó wo bébà. Ó wo irin.

"Ó tẹ̀ sẹ́yìn," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe yà á," ni Nkandu fèsì.

"Rárá. Síwájú ló yẹ kó tẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ibi yanrìn ní, "Ṣé ìyẹn náà ni ìṣòro? Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ síwájú!" Ó yí irin náà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Apá tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ lọ sí òsì. "Ó tán," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn, "ẹ ní kí ẹ̀rọ náà máa fi etí òsì gbọ́ràn." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí ojú Nkandu, wọ́n rántí iṣẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó wá ku àwọn mẹ́ta.

"Ojú òsì, ilé ọ̀tún," ni Nkandu wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún, àṣà kejì la ń lò. Ibi tó o bá ti wò ó náà là ń yà á sí. Àmì wà níbẹ̀, Nkandu. Wò ó, òbíríkítí ti bọ́ sí apá kejì. Ṣé o ò wo àmì ni?"

"Orúkọ yín ni mo wò."

Katongo bọ́ awò, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. Nkandu ronú pé ojú ń tì í nítorí òun, ó sì fẹ́ gbé ẹrù náà kúrò lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ má bínú. Mo lè tún un gbẹ́, kì í pẹ́. Bana Lubuto sì ti ra adìẹ. Lọ́la ni àwọn obìnrin ń gbé oúnjẹ bọ̀ níbi tẹ́ ẹ dé sí, láti fi iná hàn yín."

"Iná?" Katongo gbé orí sókè. "Iná wo? Nkandu, mo ránṣẹ́. Ó ti pẹ́. Mo ní kí wọ́n sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má retí mi mọ́. Mo ti níyàwó, ọmọ wa ti ń lọ sílé ìwé. Mo ní kí Ba Sikazwe…"

Ó yíjú sí alárinà rẹ̀. Ba Sikazwe di etí tábìlì mú.

"Mo gbọ́ iṣẹ́ náà," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu ọ̀nà Bana Lubuto. Lákọ̀ọ́kọ́, orin ni Nkandu ń kọ, ó ń fọ aṣọ. Lẹ́ẹ̀kejì, ó rí mi láti òkèèrè, ó sáré pàdé mi, ó ní, 'Ba Sikazwe, ṣé ó ti ránṣẹ́ ni?' Mo ní rárá. Mo ní mo kàn ń kọjá lọ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ni mo tún fẹ́ wí? Mo rò pé ìwọ náà lè yí ọkàn padà. Mo rò pé òun náà lè gbàgbé. Nígbà tí bébà rẹ dé, mi ò lè wò ó lójú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi wọn igi náà."

Nkandu ń gbọ́ ọ bí ẹni tó wà nínú omi. Gbogbo bọ́ọ̀sì tó ti dúró wò wá ń kọjá lójú rẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ọwọ́ òun fẹ́ ṣe, ọwọ́ náà sì fa bébà sún mọ́ ọn.

"Ẹ fi hàn mí," ló wí fún Katongo. "Bí wọ́n ṣe ń tò ó lọ́hùn-ún."

"Nkandu…"

"Mo ní iṣẹ́ láti tún ṣe. Ẹ fi hàn mí."

Katongo tẹ̀ síwájú lórí tábìlì. Ó kọ́kọ́ kólòlò. Ó ní kó ka nǹkan náà sí ohun tó wà nínú àpótí gíláàsì. Èèyàn á dúró sí ọ̀tún, á ya ohun tó bá rí sára gíláàsì ọ̀tún, á wá ṣí gíláàsì náà gbàù bí ilẹ̀kùn, á sì tẹ́ ẹ. Ojú ọ̀tún á dúró lọ́tùn-ún. Ojú òkè á wà lókè. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ohùn rẹ̀ ń rọ̀, tó ń di ohùn àtijọ́, tí kì í kánjú. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó ki pẹ́ńsù bọ irun rẹ̀ láìmọ̀. Kò sí irun níbẹ̀ mọ́. Pẹ́ńsù já bọ́. Nkandu bẹ̀rẹ̀ mú un, ó sì gbé e lé orí tábìlì. Bó bá jẹ́ pé wọ́n lè ní kó yan ohun kan láyé lákòókò yẹn, kò ní ju pé kó tún béèrè, kí ọkùnrin náà sì tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀.

"Ó ti yé mi," ló wí.

Ó mú ayùn. Ó di àwòṣe igi náà mọ́ ẹnu irin tó ń di igi mú lórí tábìlì, ó gé e ní ibi tó tẹ̀. Ba Sikazwe fẹ́ bá a dì í mú, ó ní kó fi sílẹ̀. Ó yí apá òkè kọjú síwájú, ó gbẹ́ ojú igi méjèèjì títí wọ́n fi pàdé, ó gé etí àtijọ́ kúrò, ó kan etí tuntun sí ọ̀tún, ó lẹ̀ ẹ́, ó sì fi okùn dì í. Iṣẹ́ náà gba gbogbo ọ̀sán. Katongo dúró níbẹ̀, kò jókòó, kò sì lọ. Lẹ́yìn náà Nkandu gbé e fún Ba Sikazwe.

"Ẹ wọ̀n ọ́n."

Ba Sikazwe wọ̀n ọ́n látòkèdélẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i.

Nkandu gbọn eruku igi kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó tún ìró ró. Ó ní láti délé kí Bana Lubuto tó pa àkùkọ, kí àwọn obìnrin àdúgbò tó dáná. Ó dágbére fún àwọn méjèèjì bó ṣe máa ń ṣe, ó sì bọ́ síta. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu géètì nígbà tó gbọ́ ohùn Katongo lẹ́yìn rẹ̀.

"Nkandu! Dúró ná."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan fẹ́ dúró. Gbogbo ara rẹ̀ ló fẹ́ yí padà, ó sì mọ̀ pé bí òun bá yíjú báyìí, òun á tún bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Ó kọjá ní géètì. Ó sọdá ojú irin. Kò wẹ̀yìn.